Ta Ló Ń Gbé Níbí Kó Tó Di Páàkì? Bí A Ṣe Ń Tú Ìtàn Páàkì Ìlú àti Àdúgbò Rẹ̀ Jáde

Páàkì ìlú kì í ṣàdédé hù bí olú. Kí wọ́n tó gbin igi síbẹ̀, kí wọ́n tó to bẹ́ǹṣì, ilẹ̀ náà ti ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Washington Square ní New York, ibi tí wọ́n ń sin àwọn tálákà àti aláìlẹ́nìkan sí ni láti 1797 sí 1825; wọ́n fojú bù ú pé òkú tí wọ́n sin síbẹ̀ tó 20,000. Buttes-Chaumont ní Paris, tí wọ́n ṣí ní 1867, kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta àti ààtàn ìlú ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ìbéèrè kan sókè ìwé yín, kí ó sì wà níbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí: ta ló ń sùn sórí ilẹ̀ yìí ní ọdún tó ṣáájú èyí tí wọ́n sọ ọ́ di páàkì? Orúkọ ẹni tó gé tẹ́ẹ́pù lọ́jọ́ ìṣílé kì í ṣòro wá. Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló máa ń gba ni lákòókò.

Ẹ pààlà iṣẹ́ yín kí ẹ tó ṣí ìwé kankan

Ẹ tẹ máàpù òde òní jáde sórí bébà ńlá. Ẹ fi bírò pupa yí páàkì ká, kí ẹ wá fa ìlà kejì tó gba òpópónà méjì tàbí mẹ́ta sí i ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Inú ìlà kejì yìí ni àdúgbò yín wà. Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tó bá kó gbogbo ìlú mọ́ ọn á kàn máa kó ìwé jọ ni, kò ní rí ìtàn kọ.

Ẹ má sì dúró sí ẹnu géètì páàkì. Ilé tó kojú sí páàkì ló sábà máa ń sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Birkenhead Park ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Joseph Paxton ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní 1847, owó ìlú ni wọ́n fi ṣe é. Àmọ́ wọ́n gé etí ilẹ̀ náà sí pùlọ́ọ̀tì, wọ́n tà á fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, kí owó tí wọ́n ná lè padà wọlé. Ẹni tó bá kọ ìtàn páàkì yẹn láìka àwọn ilé náà, ìdajì ìṣirò ló fi sílẹ̀.

Ní ti ọdún, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 30 ọdún ṣáájú òfin tó dá páàkì sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ máa wá, ẹ má sì pa wọ́n pọ̀: ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí òfin, ọjọ́ tí àwọn tó wà lórí ilẹ̀ jáde, àti ọjọ́ tí ará ìlú kọ́kọ́ wọlé. Fún Central Park ní New York, òfin wáyé ní Oṣù Keje 1853. Títí ìparí 1857 ni wọ́n fi lé àwọn olùgbé rẹ̀ kúrò. Oṣù Kejìlá 1858 ni ará ìlú kọ́kọ́ lo apá kan rẹ̀, nígbà tí wọ́n wá ṣeré lórí yìnyín adágún. Ọdún márùn-ún ló wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Ẹni tó bá kọ "1858" nìkan ti gbé gbogbo wàhálà ọdún márùn-ún náà jù sí kọ̀rọ̀.

Máàpù: márùn-ún ó kéré tán

Ẹ wá máàpù márùn-ún, tí nǹkan bí 20 ọdún wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ èyí tí wọ́n yà kété kí wọ́n tó gba ilẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló níye lórí jù. Ìjọba kò lè gba ilẹ̀ láìmọ ohun tó wà lórí rẹ̀, nítorí náà wọ́n á rán wọnlẹ̀wọnlẹ̀ lọ. Egbert Viele wọn ilẹ̀ Central Park ní 1856, ilé àwọn tí wọ́n fẹ́ lé sì hàn lórí máàpù rẹ̀. Irú máàpù bẹ́ẹ̀ kì í sábà wà nílé ìkàwé. Inú fáìlì ilé ẹjọ́ tàbí ti ẹ̀ka tó ń bójú tó iṣẹ́ òde ni ẹ ti máa bá a.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ béèrè máàpù Sanborn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1867 fún àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò tó fẹ́ mọ ilé tí iná lè tètè jó. Àwọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀: pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni ilé bíríkì, yẹ́lò ni ilé pákó, búlúù ni òkúta. Íńṣì kan lórí ìwé dúró fún 50 ẹsẹ̀ bàtà lórí ilẹ̀, nítorí náà ẹ lè mọ ibi tí ilé kan pín sí méjì tàbí tó ní ilé ẹṣin lẹ́yìn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá èyí tí Ordnance Survey, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ya máàpù, yà ní ìwọ̀n 1:2500.

Tí ẹ bá ti rí wọn, ẹ tò wọ́n léra lórí kọ̀ǹpútà. QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lórí máàpù, kò gba owó, ohun èlò tí wọ́n ń pè ní Georeferencer, tó ń mú máàpù àtijọ́ bá ti òde òní mu, sì wà nínú rẹ̀. Ẹ síkáànì máàpù ní 300 sí 400 dpi (iye àmì tó wà nínú íńṣì kan). Ẹ má fi fóònù yà á ní ìdagun, nítorí ìdagun yẹn á tẹ ojú pópó wọ́ ṣáájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yan àwọn àmì tó wà lórí máàpù àtijọ́ tó ṣì wà lónìí: igun ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí ojú irin kọjá títì, igun ilé ìjọba. Mẹ́ta ni ìṣirò tó rọrùn jù, Polynomial 1, ń béèrè ó kéré tán, àmọ́ ẹ fi mẹ́fà sí mẹ́wàá sí i, kí wọ́n tàn ká igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Etí odò àti igi kò dára fún àmì: odò máa ń yí ẹsẹ̀, igi máa ń kú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí gbogbo àmì kóra jọ sí àárín ìlú, níbi tí nǹkan tó ṣì wà pọ̀ sí. Àárín á bára mu, etí á sì fi 20 tàbí 30 mítà yà sọ́tọ̀. Tí bébà bá ti sún kì tàbí tó ti ká, ẹ lo ìṣirò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Thin Plate Spline, ṣùgbọ́n kí ẹ fi àmì méjì tí ẹ kò lò dán an wò. Ìṣirò yẹn máa ń fipá mú gbogbo àmì tí ẹ fún un bára mu, títí kan èyí tí ẹ ṣì yàn.

Ìwé ilẹ̀: ẹ máa rìn sẹ́yìn

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sá, bẹ́ẹ̀ ibí ni òtítọ́ wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní: ìlú ló ni páàkì, nítorí náà ẹ béèrè ìwé tí ìlú fi gbà á ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀. Ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ìwé atọ́ka méjì, ọ̀kan ní orúkọ ẹni tó tà, èkejì ní orúkọ ẹni tó rà. Ẹ mú orúkọ ẹni tó ta ilẹ̀ fún ìlú, kí ẹ wá a nínú atọ́ka àwọn tó rà, ẹ ó rí ọjọ́ tóun náà rà á àti ọwọ́ ẹni tó ti rà á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi dé oko àkọ́kọ́ tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́.

Nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun mẹ́fà sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó tà, ẹni tó rà, iye owó, àti bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe ààlà. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lè fi ọdún púpọ̀ jìnnà síra. Ènìyàn lè ra ilẹ̀ kó má kọ ọ́ sílẹ̀ títí di ìgbà tó gbọ́ pé ìjọba ń bọ̀. Ẹ má fo orúkọ ìyàwó ẹni tó tà. Òfin ìgbà yẹn ní ọ̀pọ̀ ibi ní kí òun náà fọwọ́ sí i, ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni orúkọ rẹ̀ ti jáde.

Ìwọ̀n àtijọ́ á dí yín lọ́wọ́ tí ẹ kò bá múra sílẹ̀. Ṣéènì wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan jẹ́ 66 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn mítà 20.12, ilẹ̀ tó gùn ní ṣéènì 10 tó sì fẹ̀ ní ṣéènì 1 ni éékà kan. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí mítà lọ́jọ́ kan náà tí ẹ kà á, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Okùn yìí máa ń já níbi mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ogún: bàbá kú, ọmọ jogún, kò sí ìwé títà kankan. Ẹ lọ wá ìwé ìhágún ní ilé ẹjọ́. Èkejì, nọ́ńbà pùlọ́ọ̀tì yí padà nígbà tí wọ́n tún ìlú wọ̀n. Ààlà lẹ máa tẹ̀ lé nígbà yẹn, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìjọba fi agbára òfin gbà á, ọgọ́rọ̀ọ̀rún pùlọ́ọ̀tì sì parí sínú ẹjọ́ kan ṣoṣo. Inú ìyọnu kẹta yìí ni ọrọ̀ wà. Fáìlì ẹjọ́ náà máa ń ní orúkọ onílẹ̀ gbogbo, ohun tó wà lórí ilẹ̀ wọn, owó gbà-má-bínú tí wọ́n san, àti ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn tó sọ pé owó náà kéré.

Seneca Village jẹ́ ká rí ohun tí ìwé bẹ́ẹ̀ lè sọ. Láàárín òpópónà 82 àti 89 ní apá ìwọ̀ oòrùn ibi tó di Central Park ni abúlé yìí wà. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1825, John àti Elizabeth Whitehead bẹ̀rẹ̀ sí í ta oko wọn ní pùlọ́ọ̀tì. Andrew Williams, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ọdún 25 tó ń dán bàtà, ra mẹ́ta ní dọ́là 125. Epiphany Davis ra 12 ní dọ́là 578. Ẹ fi òfin ìdìbò ìgbà náà tì í: láti 1821, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní New York kò lè dìbò àfi tó bá ní dúkìá tó tó dọ́là 250, bẹ́ẹ̀ wọn kò béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun. Ilẹ̀ tí wọ́n ń rà yẹn, ẹ̀tọ́ ìdìbò ni wọ́n ń rà pẹ̀lú. Nígbà tí ìlú gba ilẹ̀, Williams béèrè dọ́là 3,500 fún ilé àti pùlọ́ọ̀tì rẹ̀ mẹ́ta. Dọ́là 2,335 ni wọ́n fún un. Gbogbo èyí wá látinú ìwé títà, ìwé òfin àti fáìlì gbà-má-bínú. Ẹ tò wọ́n síra báyìí, ìtàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara rẹ̀.

Ayálégbé kì í sí nínú ìwé ilẹ̀

Bí ìwádìí yín bá dúró sórí àwọn onílẹ̀, ìdajì àdúgbò ti sọnù. Ẹni tó ń san owó ilé kò ní ìwé títà, kì í sì í sábà gba owó gbà-má-bínú. Ìwé ìkànìyàn ni ẹ ti máa rí i. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 72 ni wọ́n fi ń ti ìwé yìí pa mọ́ kí ará ìlú tó lè rí i. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 100 ni. Ti Amẹ́ríkà ti 1890 fẹ́rẹ̀ẹ́ parun tán lẹ́yìn iná 1921, nítorí náà ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹ wá ìkànìyàn ìpínlẹ̀, èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣe láàárín ti ìjọba àpapọ̀. Ìkànìyàn ìpínlẹ̀ New York ti 1855 ló jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan bí 225 ènìyàn ló wà ní Seneca Village, ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn tó kù sì pọ̀ jù nínú àwọn ará Ireland.

Ṣáájú 1880, ìkànìyàn Amẹ́ríkà kì í kọ orúkọ òpópónà. Ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ wá orúkọ onílẹ̀ kan tí ẹ ti mọ ibi tí pùlọ́ọ̀tì rẹ̀ wà, kí ẹ ka orúkọ 20 tó wà lókè rẹ̀ àti 20 tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ka ènìyàn ń rìn láti ilé dé ilé ni, nítorí náà aládùúgbò ló máa ń tẹ̀ lé ara wọn nínú ìwé. Tí ẹ bá rí onílẹ̀ kejì tí ẹ mọ̀ nínú àwọn orúkọ yẹn, àwọn tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ayálégbé yín.

Ìwé adírẹ́sì ìlú, tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́dọọdún, á kún àlàfo tó wà láàárín ìkànìyàn méjì. Ẹ rántí pé oṣù púpọ̀ ṣáájú kí ìwé tó jáde ni wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ. Obìnrin kì í sábà wà níbẹ̀ àfi tó bá jẹ́ opó tàbí tó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Alágbàṣe tó ń kó kiri kò sì rọrùn láti bá. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ilé pẹ̀lú. Chicago yí nọ́ńbà ilé rẹ̀ padà ní 1909, àárín ìlú gan-an sì tẹ̀ lé e ní 1911. Ẹni tó bá mú adírẹ́sì 1905 lọ síbẹ̀ lónìí, iwájú ilé onílé ló máa dúró sí. Ẹ béèrè ìwé tó to nọ́ńbà àtijọ́ àti tuntun síra. Àwọn ìlú tó ṣe irú àyípadà yìí sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìwé ìròyìn àti ìwé ìpàdé

Orúkọ páàkì kò sí kí páàkì tó wà. Ẹni tó bá kàn tẹ orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní rí ohunkóhun nípa àwọn ọdún tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi orúkọ òpópónà, ṣọ́ọ̀ṣì, onílẹ̀ àti òkè tàbí odò tó wà níbẹ̀ wá a. Kọ̀ǹpútà tó ka àwòrán ìwé àtijọ́ máa ń ṣi lẹ́tà kà, pàápàá "s" gígùn tó dà bí "f", nítorí náà ẹ gbìyànjú oríṣi sípẹ́lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún orúkọ kan.

Tí ẹ bá ti rí ìròyìn, ẹ wò ó bóyá ẹni tó kọ ọ́ wà lára àwọn tó fẹ́ ilẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn New York pe àwọn ará Seneca Village ní ẹni tó kàn tẹ̀dó sórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n pe ilé wọn ní ahéré. Ìwé ilẹ̀ fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ra ilẹ̀ wọn, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta àti ilé ìwé sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ ní 2011, wọ́n bá ìpìlẹ̀ òkúta ilé William Godfrey Wilson, ẹni tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì All Angels', wọ́n bá kẹ́tùlù irin àti bàtà ọmọdé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn fi pe ènìyàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹnì kan sọ, kí ẹ kọ orúkọ ìwé náà àti ọjọ́ rẹ̀ tì í. Ẹ má gbé e wọ inú gbólóhùn tiyín.

Ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú máa ń sú ni, àmọ́ atọ́ka ọdọọdún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun mẹ́ta péré lẹ wá síbẹ̀: ìbò lórí ilẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún kọngílá, àti òfin páàkì. Òfin páàkì ló ń sọ ẹni tí wọn kò fẹ́ níbẹ̀.

Ẹ lọ fi ojú ara yín wo ilẹ̀

Ẹ lọ nígbà tí oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀, láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, torí òjìji á fi gegele kékeré hàn tí ọ̀sán kì í jẹ́ ká rí. Ní àkókò ọ̀dá, koríko tó wà lórí ìpìlẹ̀ òkúta máa ń gbẹ ṣáájú, èyí tó wà lórí kòtò àtijọ́ a sì máa tutù yọ̀yọ̀. Igi tó tò gbọọrọ tí kò bá ọ̀nà páàkì mu lè jẹ́ ààlà oko tàbí títì àtijọ́. Ẹ gbé e lé máàpù yín. Láti fojú bu ọjọ́ orí igi, ẹ fi tépù yí i ká ní mítà 1.5 sókè. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ kan ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé igi tó dá dúró níta gbangba ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5 kún ìyíká rẹ̀ lọ́dún, nítorí náà igi tí ìyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 300 yóò tó nǹkan bí 120 ọdún. Irú igi, ilẹ̀ àti òjò á yí èyí padà gan-an. Ẹ lò ó láti mọ̀ bóyá igi ṣáájú páàkì, ẹ má fi kọ ọdún pàtó. Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ nìyẹn, ó sì nílò ìwé àṣẹ.

Àwọn àgbà àdúgbò

Ẹ fi wọ́n sí ìkẹyìn, nígbà tí ẹ ti ní máàpù àti orúkọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ẹni kan bá ti dàgbà gan-an, ẹ má dúró. Wákàtí kan sí kan àbọ̀ ti tó fún ìjókòó kan. Ẹ tẹ́ máàpù àtijọ́ sórí tábìlì, kí ẹ sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbé ilé yìí? Ta ló tẹ̀ lé e?" Ìka tó ń rìn lórí máàpù máa ń rántí ju ẹnu tí wọ́n kàn ní kó ròyìn lọ. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní WAV, 48 kHz, 24-bit. Ẹ gba àṣẹ lórí ìwé kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, kí ìwé náà sì sọ ohun tí ẹ lè ṣe pẹ̀lú ohùn náà. Ọdún ni àgbà máa ń ṣì jù. Bí wọ́n bá sọ "1950," ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà: ṣé wọ́n ti bí àkọ́bí yín? Ìyẹn ni ẹ máa fi mú ọdún.

Bí ẹ ó ṣe to o pọ̀

Ẹ ṣí ìwé Excel kan. Ìlà kan, ọ̀rọ̀ kan: ọjọ́, nọ́ńbà pùlọ́ọ̀tì, orúkọ, ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tí ẹ ti rí i títí dé ojú ìwé, àti bó ṣe dájú tó láti 1 sí 3. Ọ̀rọ̀ tó wá látinú ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gba 1. Ìrántí tàbí ìwé tó wá lẹ́yìn gba 2. Ohun tí ẹ fojú inú rò gba 3, kò sì gbọdọ̀ wọ inú ìtàn láìjẹ́ pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá to ìwé náà ní ọjọ́, ẹ ó rí ìtàn páàkì. Tí ẹ bá tò ó ní nọ́ńbà pùlọ́ọ̀tì, ẹ ó rí ti ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ti ìdílé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ẹ síkáànì fọ́tò ní 600 dpi sí TIFF. Ẹ kọ ọdún sí iwájú orúkọ fáìlì, lẹ́yìn náà pùlọ́ọ̀tì, lẹ́yìn náà ibi tó ti wá. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ẹ tọ́jú, lórí ohun èlò oríṣi méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ fún ilé ìkàwé ìlú ní ìwé Excel yín pẹ̀lú ìtàn tí ẹ kọ, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ìdílé gbogbo tó fún yín ní fọ́tò tàbí ọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹ̀dà sí ojú ewé àkọ́kọ́, nítorí láàárín oṣù díẹ̀ ẹnì kan á gbé ìwé ilẹ̀ bàbá bàbá rẹ̀ wá, ẹ ó sì ní láti ṣàtúnṣe sí ìlà bíi mélòó kan.